Aago Wúrà Tí N Kò Ní

Olótùú ìwé ìròyìn wa yìí ni ó ní kí olúkúlùkù wa tí ó bá lè kọ̀wé sọ bí òun ti ṣe kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tàbí kí ó sọ nípa ohun kan tí ó ṣe iyebíye lójú rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, inú mi dùn, nítorí mo rò pé ọ̀nà méjì ni, pé mo lè mú èyí tí ó bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti pépà, mo rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni fún mi. Ibi tí mo gbé kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni mo gbé sẹ́ ohun tí ó ṣe iyebíye lójú mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá mi kà á. Ìjẹ́wọ́ ni ó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀bá ọ̀sà ni a bí mi sí, lápá Badore, lẹ́yìn Ajah. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, kí ó fi ojú inú wo ilẹ̀ tóóró kan tí òkun ńlá wà ní gúúsù rẹ̀, tí ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀, tí títì tí ó ti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́ sì la àárín rẹ̀ kọjá. Kí títì náà tó dé, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn bàbá wa ń wọ̀ lọ ná ọjà Èkó. Lónìí ilé alájà púpọ̀ ti kún ibẹ̀, àwọn kan sì ń fi ẹ̀rọ fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà, wọ́n ń fi sọ omi di ilẹ̀ títà. Síbẹ̀ bí ẹ bá dé etí omi ní Badore ní kùtùkùtù, ẹ ó rí ọkọ̀ tí ń gbé èrò kọjá sí apá Ìkòròdú, ẹ ó sì rí àwọn apẹja tí ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru.

Apẹja ni bàbá àgbà mi, bàbá tí ó bí bàbá mi. Nínú gbogbo ohun èlò wọn, ọkọ̀, àjẹ̀, àwọ̀n, ìgèrè, èyí tí mo fẹ́ràn jùlọ ni abẹ́rẹ́ àwọ̀n wọn. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ irin tí a fi ń rán aṣọ. Ọparun ni a fi gbẹ́ ẹ. Ó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ díẹ̀, ó pẹlẹbẹ, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ sì là sí méjì bí ìrù ẹja. A gbẹ́ ihò sí i láàárín, nínú ihò náà ni a sì ti fi ahọ́n kékeré kan sílẹ̀. A ó fi òwú kọ́ ahọ́n náà, a ó fà á gba ìdí, a ó yí abẹ́rẹ́ padà, a ó tún fi kọ́ ọ ní ìhà kejì, títí abẹ́rẹ́ yóò fi yó fún òwú. Ọwọ́ ti ń kàn án láti ọdún yìí wá títí ó fi ń dán.

Ní ọ̀sán, bí wọ́n bá ti sun oorun òwúrọ̀ wọn tán, bàbá àgbà a fi àwọ̀n kọ́ igi àgbọn, wọn a jókòó lórí àpótí, iṣẹ́ a sì bẹ̀rẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn ojú àwọ̀n, kí ọ̀kan má ba à tóbi ju èkejì lọ, kí àwọ̀n má sì máa kó ẹja tí ó yẹ kí ó ṣì dàgbà. Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé kí wọ́n tó dí ihò tí akàn tàbí igi inú omi ti ṣe sí àwọ̀n, ọ̀bẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú. Wọn a gé gbogbo etí ihò náà tí ó ti já wúruwùru, wọn a gé e títí ihò náà yóò fi tóbi ju bí wọ́n ti bá a lọ. Mo bi wọ́n nígbà kan pé, “Bàbá àgbà, kí ló dé tí ẹ tún ń bà á jẹ́ sí i?” Wọn kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, “Ojú tí ó ti já kò gba kókó. Ibi tí ó bá yè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.”

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé ta ni ó ni abẹ́rẹ́ náà, n kì bá mọ ohun tí n óò sọ. Bàbá wọn ni ó gbẹ́ ẹ; àwọn ń lò ó; bàbá mi ń lò ó ní ọjọ́ tí wọn kò bá lọ sí ibi iṣẹ́; èmi ni mo sì ń fi òwú kún un láti ìgbà tí mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹni tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ni ín ní wákàtí náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ilé-ẹ̀kọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ, òfin ni pé ọmọ kò gbọdọ̀ sọ èdè ilé rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fanákúlà. Pátákó kan wà tí a fi okùn so. Ẹni tí ó bá fọ Yorùbá ni a ó gbé e kọ́ lọ́rùn, kò sì ní bọ́ ọ títí yóò fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìparí bá lù, òun ni yóò san ìtanràn. Nítorí náà ẹni tí ó gbé pátákó kọ́rùn a máa tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ gbàmù, kí ó lè ké pé “Yéè!” A máa ń jiyàn gidigidi lórí bóyá “Yéè” jẹ́ Yorùbá tàbí kò jẹ́ èdè kankan. Ìgbẹ́jọ́ tí a ṣe lórí rẹ̀ kò lóǹkà, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì ń fi ṣe é; ó lè jẹ́ pé níbẹ̀ nìkan ni mo ti sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ọkàn mi wá ní gbogbo ọdún náà. Ní kíláàsì, ìdákẹ́jẹ́ ni mo kọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáradára.

Mo wà ní ọdún kẹta ní girama nígbà tí olùkọ́ kọ àkòrí àròkọ kan sí ojú pátákó dúdú, pé kí a kọ̀wé lórí ohun ìní wa tí a kà sí iyebíye jùlọ. Abẹ́rẹ́ àwọ̀n ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “My,” mo sì dúró. Kì í ṣe tèmi. Ìyẹn ni ìdíwọ́ àkọ́kọ́. Èkejì ni pé n kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ abẹ́rẹ́, mo mọ àwọ̀n, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ abẹ́rẹ́, olùkọ́ yóò rò pé ti aránṣọ ni, bí mo bá sì fẹ́ ṣàlàyé ahọ́n àti ìdí rẹ̀, ahọ́n tí ó wà lẹ́nu ẹja ni wọn yóò rò. Ìdíwọ́ kẹta ni èyí tí ó dùn mí láti kọ: ojú ń tì mí. Àwọn ọmọ tí ń fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá láti inú àwọn ilé tuntun a máa di imú bí àwa ọmọ etí omi bá ń kọjá.

Ìwé kékeré kan wà nínú àpò mi, irú èyí tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì, tí àpẹẹrẹ àròkọ kún inú rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni a ti kọ nípa aago wúrà kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ kan rà bọ̀ láti London. Mo ti há a sórí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí ó ti ń kọ mànà nínú oòrùn, bí mo ti ń fi aṣọ àlà nù ún ní alaalẹ́, bí àwọn ọlọ́ṣà kò ti lè rí ibi tí mo fi í pamọ́ sí. Olùkọ́ fún mi ní 17 nínú 20. N kò tí ì gba ju 8 lọ rí. Wọ́n ní kí n dìde, kí n kà á fún gbogbo kíláàsì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìròyìn náà dé ilé ṣáájú mi. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi ní kí n ka àròkọ náà fún bàbá àgbà, kí n sì máa túmọ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ kà á ní Gẹ̀ẹ́sì tán, inú gbogbo wọn ń dùn, ìyá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ rẹ̀, ilé dákẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, irọ́ náà ti jókòó pẹ̀sẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì láti òwúrọ̀, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bí ó ti bọ́ sínú Yorùbá báyìí, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi wo ni ó wà ní London?” Ṣùgbọ́n bàbá àgbà gbé ọwọ́ sókè sí wọn, wọ́n sì kọ ojú sí mi.

“Aago ta ni?”

“Bàbá àgbà, ìwé ni.”

“Ìwé ni, mo gbọ́. Aago ta ni?”

N kò dáhùn. Wọ́n bi mí ní ohun tí olùkọ́ bi wá gan-an, mo sì sọ fún wọn. Wọ́n ní, “O kò wá rí nǹkan kan nínú ilé yìí?” Mo wo abẹ́rẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ wọn, mo sì sọ ohun tí mo gbàgbọ́ pé òtítọ́ ni: “Bàbá àgbà, òyìnbó kò ní orúkọ fún un.”

Wọ́n wo abẹ́rẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé òun ni ó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Òyìnbó kì í pẹja ni?”

N kò lè dáhùn ìbéèrè yìí, wọn kò sì tún bi mí mọ́. Wọ́n kú ní ọdún 2019, nígbà tí ó ku oṣù díẹ̀ kí n parí girama.

Ní ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa yìí, ní ọdún àkọ́kọ́ mi, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo ń wá kiri nínú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tí ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, nígbà tí ojú mi ṣe kòńgẹ́ ọ̀rọ̀ náà: “netting needle.” Mo lọ wá àwòrán rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì là sí méjì. Àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó láti ayébáyé. Wọ́n ń fi igi àti eegun gbẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń fi ọparun gbẹ́ ẹ. Igi kékeré tí a fi ń wọn ojú àwọ̀n pàápàá ní orúkọ lọ́dọ̀ wọn. Òyìnbó ń pẹja, bàbá àgbà. Mo jókòó níbẹ̀ títí agogo oúnjẹ fi lù, n kò sì dìde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé n kò lè dá èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi. Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ mi ni Gẹ̀ẹ́sì inú pálọ̀. Kò sí ẹni tí ó mú mi dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, níbi tí àwọn tí ó ni ín ti ń ṣiṣẹ́ tí òógùn ń bọ́ lára wọn. (Orúkọ tí gbogbo ayé ń pe ìlú wa pàápàá, Lagos, ọ̀rọ̀ àwọn Pọtogí ni, ó sì jẹ mọ́ adágún omi àti ọ̀sà. Wọn kò mọ ohun tí a ń pe omi wa, wọ́n sì fi èdè tiwọn sọ ìlú náà ní orúkọ omi, ojú kò tì wọ́n rárá.)

Ní àkókò kan náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ronú lọ́nà mìíràn nípa Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tí gbogbo wa ń dárúkọ lójoojúmọ́ láìronú. A mú un lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí ó dé ibẹ̀ ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun ní Gẹ̀ẹ́sì, a sì fi í ṣe mọ́nítọ̀ pẹ̀lú owó oṣù pẹ́nì méje àtààbọ̀. Èyíinì ni pé olùkọ́ kékeré bíi tiwa ni. Ohun gbogbo tí ó ní ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fún un. Síbẹ̀ ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1843 ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá ni. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn ní Sàró títí ó fi gbàgbé, kí ni wọn ìbá fi kí ara wọn ní ọjọ́ náà? Nígbà tí iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1862, ohun tí ó dùn ún láti pàdánù ni àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń kọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aago kọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èdè tí ó yẹ kí a fi kọ́ ọmọdé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, àwọn olùkọ́ wa sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ̀kọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n fagi lé e. N kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìgbà ìdánraṣe ìkọ́ni wa ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajah ni a rán mi sí, kíláàsì karùn-ún ni wọ́n sì fún mi, ọmọ tí ó lé ní ogójì. Àkòrí àròkọ tí ó kàn nínú ìwé wọn ni ohun ìní iyebíye. Ẹ̀rù bà mí bí ẹni tí ó pàdé olówó rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́, mo sì kó ìwé wọn lọ sílé. Mo rí kọ̀ǹpútà mọ́kànlá, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́fà, àti aago wúrà mẹ́ta. Mo mọ ilé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ìwé kékeré inú bọ́ọ̀sì ṣì ń tà.

N kò fi máàkì sí i. Ní ọjọ́ kejì mo mú abẹ́rẹ́ àwọ̀n lọ́wọ́ lọ. Bàbá mi ti fún mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ní ọjọ́ náà gan-an ni olùkọ́ wa kan ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wá wò mí, wọ́n sì jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé máàkì lórí orúnkún wọn. Iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo fi Yorùbá sọ gbogbo ìtàn aago náà fún àwọn ọmọ, mo sọ 17 nínú 20, mo sọ ìbéèrè bàbá àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ tún sọ tirẹ̀, kí ó sọ ọ́ ní èdè tí ó bá wù ú, kí a jọ wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. (Olùkọ́ tí ó jókòó sẹ́yìn yóò ka ìwé yìí. Mo tọrọ àforíjì, mo sì fẹ́ mọ̀ bí wọ́n bá ti kọ máàkì náà sílẹ̀.)

Ọmọbìnrin kan tí ó ti kọ kọ̀ǹpútà dìde. Ó ní, “Kọ́kọ́rọ́ ìyá àgbà mi ni, sà. Ilé tí ó ń ṣí kò sí mọ́.” Ní Máròkó ni ilé náà wà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Èkó mọ̀ pé ní oṣù keje ọdún 1990 ni ìjọba ológun wó Máròkó, tí wọ́n sì lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn jáde; púpọ̀ nínú wọn sá wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ìyá àgbà ti ti ilẹ̀kùn kí ó tó jáde. A jọ wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kéékèèké ni gbogbo rẹ̀, kọ́kọ́rọ́, ilé, ilẹ̀kùn, kò sí. Kò sí èyí tí wọn kò ti mọ̀ láti kíláàsì kejì. Nígbà tí a kọ ọ́ tán sí ojú pátákó, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Inú mi ń dùn, mo sì rò pé mo ti ṣe é tán. Nígbà náà ni mo rí ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́bàá ògiri, ẹni tí kò sọ ohunkóhun láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kò gbọ́n. Mo sún mọ́ ọn, mo ní kí ó sọ tirẹ̀ ní Yorùbá, kí ó má bẹ̀rù. Ó wo ilẹ̀. Ọmọ tí ó jókòó tì í ní, “Sà, Ègùn ni, sà. Kò gbọ́ Yorùbá dáadáa.”

Ẹ̀yin ará, ọrùn mi ni pátákó náà wà. Mo ti ń rò pé mo ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo wọn. N kò gbọ́ Ègùn, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan báyìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ègùn sì ti ń pẹja pẹ̀lú wa nínú ọ̀sà kan náà láti ìgbà bàbá àgbà mi.

N kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo na abẹ́rẹ́ àwọ̀n sí i. Ó gbà á, ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò kan ahọ́n rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tún òwú tí mo ti wé sí i wé, nítorí mo ti wé e rọ̀ jù. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Nígbà tí ó ṣe é tán, ó gbé e sókè, ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ègùn. Mo pè é tẹ̀ lé e. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tún un pè, ó rọra pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó mú mi pè é kí ó tó jẹ́ kí n jókòó.